Oòrùn Kì Í Dúró De Búrọ́ọ̀ṣì

   Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí àwọn ayàwòrán tó máa ń gbé ọ̀dà jáde kúrò nílé. Wọ́n á wọ ọkọ̀, wọ́n á sọ̀ ní ibi tí ojú wọn bá ti rí ohun tó wù wọ́n, wọ́n á dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà tàbí etí ọ̀sà, wọ́n á sì fi ọ̀dà olóròóró ya ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

A lè ṣe é ní Ìgàndó níbí, ní Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó. Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń sọ ọ́ lábẹ́ ẹnu pé, "Ìgàndó kẹ̀? Kí ló wà ní Ìgàndó tí èèyàn fẹ́ yà?" Ẹni tó bá ń wá òkè oníyìnyín kò ní rí i níbí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó lọ láti LASU, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, sí Ìshẹ́rì ní kùtùkùtù, kí eruku tó gbéra. Ẹ wo bí oòrùn ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé: ara ògiri kan á pọ́n bí ọsàn, èyí tó kọjú sí ibòmíràn á wà nínú òjìji tó dà bíi pé wọ́n ta aró sí i. Ẹ wo páànù orí ilé tó ti dípẹtà, ilẹ̀ pupa àdúgbò tí wọn kò tíì da ọ̀dà kọ́tà sí, àti agbòòrùn aláràbarà àwọn ìyá ọlọ́jà. Òkìtì pàǹtí ńlá tí a mọ̀ sí Solous pàápàá, tí gbogbo wa ń di imú tí a bá ń kọjá lára rẹ̀, ó ní irú ìrísí òkè tí ayàwòrán lè fi kọ́ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yí lára nǹkan. Mi ò ní kí ẹ fẹ́ràn òórùn rẹ̀ o. Ohun tí ayàwòrán ìta ń yà gan-an ni ìmọ́lẹ̀. Ilé, igi àti òkìtì kàn jẹ́ ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà bà lé ni.

Iṣẹ́ yìí kò rọrùn láyé àtijọ́. Inú àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn ayàwòrán ìlú Òyìnbó máa ń di ọ̀dà lílọ̀ sí. Wọ́n á gún un, ọ̀dà á jáde, wọ́n á sì wá nǹkan dí ojú ihò náà kí èyí tó kù má bàa gbẹ. Nígbà míì ó máa ń bẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn kan ṣì fi bẹ́ẹ̀ gbìyànjú níta, John Constable ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n wàhálà rẹ̀ pọ̀. Ní ọdún 1841 ni ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń gbé ní London, John Goffe Rand, gba ìwé àṣẹ lórí túùbù irin rírọ̀ tí wọ́n lè tẹ̀ kí ọ̀dà jáde, kí wọ́n sì tún dé e padà. Láti inú túùbù yẹn ni mákílíìnì tí a fi ń fọ eyín ti wá jogún tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ayàwòrán bíi Claude Monet ní ilẹ̀ Faransé lè gbé gbogbo àwọ̀ tí wọ́n nílò sínú àpótí kan, kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin, kí wọ́n sì lọ dúró sínú oko ẹni ẹlẹ́ni láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò tó gba ọ̀dọ̀ tiwa kọjá nígbà náà kò gbé ọ̀dà olóròóró. Ní 1832 sí 1833, ọ̀gá kan nínú ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Allen, bá Richard Lander rin odò Ọya. Bí ọkọ̀ wọn ṣe ń lọ ló ń ya bèbè odò, àwọn òkè àti àwọn ìlú tó wà létí omi. Wọ́n tẹ àwọn àwòrán náà ní ìwé ní London ní 1840, ọdún kan péré kí túùbù Rand tó dé.

Ta wá ni ẹni tiwa tó kọ́kọ́ mú ọ̀dà olóròóró ní ọ̀kúnkúndùn? Àìná Ọnàbólú ni, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882. Fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́, ó ń wo àwòrán inú ìwé ìròyìn àwọn Òyìnbó, kó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní London ní 1920. Nígbà tó padà dé, ó ń rìn láti ilé ẹ̀kọ́ kan sí èkejì ní Èkó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré lójú, bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀nà ṣe ń sún mọ́ra títí wọ́n á fi pàdé lókèèrè. Ẹ̀kọ́ yìí ló fẹ́ràn débi pé orúkọ ẹ̀kọ́ náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń pe òun fúnra rẹ̀. Akitiyan rẹ̀ wà lára ohun tó mú kí ìjọba gba olùkọ́ Òyìnbó kan, Kenneth Murray, tó dé ní 1927.

Síbẹ̀, ojú èèyàn ni Ọnàbólú gbájú mọ́. Àwọn dókítà, àwọn oníwàásù, àwọn ọmọbìnrin Èkó tó lajú: àwọn ló ń jókòó fún un. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ẹni tí wọ́n ya ojú rẹ̀ á sanwó. Òkè kò ní àpò, ọ̀sà kò sì ní báǹkì. Lójú tèmi, ìyẹn ló fà á tí àwòrán ojú ilẹ̀ fi pẹ́ kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọ̀dọ̀ wa. Kì í ṣe pé ilẹ̀ wa kò dára tó, a kàn ní láti dúró kí àwọn tó lè ra irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kọ́ sára ògiri tó pọ̀ ni. Nígbà tó yá, Abáyọ̀mí Barber, ọmọ Ilé-Ifẹ̀ tí wọ́n bí ní 1928 tó sì di olóògbé ní 2021, kó àwọn ọmọ iṣẹ́ jọ ní Yunifásítì Èkó ní Akọkà, igi, àpáta àti ojú ọ̀run sì wà lára ohun tí wọ́n mọ̀ wọ́n sí jù lọ. Ní ọjọ́ tiwa yìí, Abíọ́dún Ọlákù, tó kàwé ní Yaba College of Technology, fi ọ̀sà Èkó ní ìrọ̀lẹ́ àti ní òru ṣe orúkọ, pẹ̀lú àwọn ilé orí omi Mákòókò àti iná àtùpà tó ń tàn lójú omi. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiyèméjì pé ìlú wa yẹ ní yíyà, kó lọ wo iṣẹ́ ọkùnrin yìí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú iṣẹ́ náà. Àwọn ìwé tó ń kọ́ni ní yíya àwòrán níta, abẹ́ oòrùn ẹlòmíràn ni wọ́n ti kọ púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá gbé ìlànà inú wọn wá sí Alímọ̀ṣọ́ láì yí i padà, oòrùn á kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Èkó kò jìnnà sí agbede-méjì ayé, ìwọ̀n bíi 6.5 péré la fi wà ní apá àríwá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí oòrùn wa kì í fi í fẹ̀gbẹ́ rìn. Tó bá ti yọ, òkè tààrà ló ń gbà lọ. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹrin àti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹsàn-án, ó máa ń wà gan-an lókè àtàrí wa ní ọ̀sán. Kì í ṣe ní aago 12 o. Nítorí ibi tí aago orílẹ̀-èdè wa ti mú ìṣirò, ó máa ń ku bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀dógún kí aago kan lù. Ní àkókò yẹn, òpó iná tó dúró ṣánṣán lójú pópó kò ní òjìji tó tó nǹkan. Òjìji ló sì ń sọ fún ojú pé ilé yìí nípọn, pé igi yẹn rí roboto. Tí kò bá sí òjìji, gbogbo nǹkan á tẹ́ pẹrẹsẹ, àwọ̀ á sì ṣá bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ jù. Mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ tó dúró sínú oòrùn aago 12 tí wọ́n ń làágùn, tí wọ́n ń bú ọ̀dà wọn pé kò dára. Ọ̀dà kọ́ ló ṣẹ̀.

Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni tiwa. Oòrùn ń yọ ní Èkó láàárín aago 6:30 àti aago méje kọjá díẹ̀, oṣù yòówù kó jẹ́. Láti ìgbà tó bá yọ títí di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, òjìji gùn, àwọ̀ sì jinlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹun, ẹ sùn, ẹ fọ búrọ́ọ̀ṣì. Tí aago mẹ́rin ààbọ̀ bá lù, ẹ tún jáde. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ wa kì í pẹ́. Ní London lóṣù kẹfà, tí oòrùn bá wọ̀ tán, ìmọ́lẹ̀ tó kù á wà nílẹ̀ tó ìlọ́po méjì tiwa. Níbí, kò tó ìdajì wákàtí tí oòrùn wọ̀, ojú kò ní dá àwọ̀ ewé mọ̀ yàtọ̀ sí dúdú mọ́. Ayàwòrán tó bá ń pọ́n búrọ́ọ̀ṣì lá nígbà tí oòrùn ti fẹ́ wọ̀, òkùnkùn ni yóò bá a parí iṣẹ́ náà.

Nítorí náà, ẹ má gbé kánfáásì tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn jáde. Pátákó pẹlẹbẹ íǹṣì 8 sí 10 tó. Ẹ lè gé e lára hádíbọ́ọ̀dù ọ̀dọ̀ káfíńtà, kí ẹ fi ìwé ìfági fá ojú rẹ̀, kí ẹ sì kùn ún pẹ̀lú ohun tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán wa máa ń lò: ọ̀dà funfun olómi tí wọ́n fi ń kun ilé, tí wọ́n po gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà mọ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Tí ẹ bá dé ibi iṣẹ́, òjìji ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀dà tẹ́ẹ́rẹ́ sàmì sí, nítorí òun ló ń sá lọ. Tí ẹ bá ti sàmì sí i tán, ó parí. Ẹ má lé e kiri. Ẹni tó bá ń yí òjìji inú àwòrán rẹ̀ padà bí oòrùn ṣe ń yí, oòrùn mẹ́ta ni yóò bá nínú àwòrán kan. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yàtọ̀ pátápátá, ẹ gbé pátákó mìíràn. Bí Monet ṣe ń ṣe nìyẹn nígbà tó ń ya àwọn òkìtì kóríko rẹ̀ ní 1890 àti 1891: ó tó ọ̀pọ̀ kánfáásì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀.

Ní ti àwọ̀, ẹ ò nílò gbogbo ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Funfun, yellow ochre, burnt sienna, pupa kan, ìyeyè kan àti ultramarine ti tó. Ohun kan wà tó máa ń dùn mọ́ mi nínú nípa méjì nínú wọn. Irin ló fún yellow ochre àti burnt sienna ní àwọ̀ wọn, irin tó ti bá afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀. Irin kan náà ló mú ilẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ pọ́n, òun náà ló sì wà lára páànù tó dípẹtà. Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ ya ilẹ̀ àti òrùlé wa, ẹ ti ní wọn nínú túùbù. Díẹ̀ ni ẹ óò pò mọ́ ọn. Ewé ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Wọ́n á ra àwọ̀ ewé inú túùbù, wọ́n á fi kun ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á fi kun máńgòrò, wọ́n á fi kun kóríko, gbogbo rẹ̀ á wá rí bákan náà. Ẹ po ìyeyè mọ́ ultramarine fúnra yín, kí ẹ fi burnt sienna díẹ̀ pa ariwo rẹ̀. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí oòrùn gba inú rẹ̀ kọjá sún mọ́ ìyeyè. Ewé máńgòrò tó gbó a máa dúdú, ojú ọ̀run a sì máa hàn lára rẹ̀ bíi fàdákà.

Nígbà ọyẹ́, nǹkan á tún yí. Eruku tó ti aṣálẹ̀ wá á bo ohun tó jìnnà mọ́lẹ̀, òrùlé kẹta á ti fẹ́ di funfun, ẹ lè wo oòrùn àárọ̀ bí ẹni wo òṣùpá. Àsìkò náà dára fún ẹni tó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń ya ọ̀nà jíjìn. Àbùkù rẹ̀ ni pé eruku náà á lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù, tí yóò sì di ara àwòrán yín títí láé.

Èyí ló gbé wa dé ọ̀ràn ọ̀dà tútù, níbi tí ìrìn àjò ti ń le. Ọ̀dà olóròóró kì í gbẹ bí omi ṣe ń gbẹ lára aṣọ. Òróró linseed inú rẹ̀ máa ń fa afẹ́fẹ́ sára, á sì di líle díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn ló fà á tí kì í fi í ṣe gbogbo òróró ló ṣeé lò. Àwọn kan ti bi mí léèrè pé kí ló dé tí a kò lè fi epo pupa tàbí òróró ẹ̀pà po ọ̀dà, ṣebí tiwa ni. Ẹ kán epo pupa sórí àwo kan, kí ẹ gbé e sí kọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́fà: epo ni ẹ óò bá níbẹ̀. Kì í bá afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ débi tí yóò di líle. Linseed ń ṣe é, ṣùgbọ́n ó ń gba àkókò, ọjọ́ méjì mẹ́ta fún èyí tó fẹ́lẹ́, ọ̀sẹ̀ kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ fún èyí tó nípọn. Burnt umber a máa tètè gbẹ nítorí manganese inú rẹ̀. Dúdú a máa lọ́ra. Ìpele ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fi tápẹ́ńtáìnì là, kí òróró pọ̀ sí i bí ẹ ṣe ń gòkè. Tí ẹ bá yí i padà, òkè á ti gbẹ tán nígbà tí ìsàlẹ̀ ṣì ń rìn, àwòrán á wá sán. Kẹrosíìnì dára fún fífọ búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ má pò ó mọ́ ọ̀dà, ọ̀rá tó ń fi sílẹ̀ kì í lọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ gbéra láti Ìgàndó lọ sí Àgbádárìgì. Ẹ ó wọ ọkọ̀ dé Ìyànà Ìbà, ẹ ó tún wọ òmíràn. Ẹ ó ya ọ̀sà pẹ̀lú àwọn igi àgbọn tó tẹ̀ sójú omi, inú yín á dùn. Báwo wá ni ẹ ṣe fẹ́ gbé àwòrán tútù padà nínú dáńfó tí wọ́n kó èèyàn mẹ́rin mẹ́rin sí ìlà ìjókòó kan? Ìyá tó jókòó tì yín kò ní bínú kékeré tí ultramarine bá lẹ̀ mọ́ ìró rẹ̀. Ohun tó rọrùn jù ni pé kí pátákó méjì yín rí bákan náà gẹ́lẹ́. Ẹ gé igi pẹlẹbẹ kéékèèké mẹ́rin, ẹ fi wọ́n sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárín pátákó méjèèjì, kí ojú àwòrán kọjú síra wọn láì fara kanra, kí ẹ wá fi rọ́bà ìdì so wọ́n pa. Ẹ̀yìn pátákó ni ayé á máa fọwọ́ kàn. Tápẹ́ńtáìnì, inú ìgò kékeré tí ìdérí rẹ̀ le ni kó wà, kó jìnnà sí ẹni tó ń mu sìgá, ẹ má sì gbìyànjú láti gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú rárá. Àkísà tí ẹ fi nu òróró linseed tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí òróró yẹn ṣe ń fa afẹ́fẹ́ ló ń mú ooru jáde. Tí ẹ bá ká àkísà náà jọ sínú báàgì, ó lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi kí ẹ tó gbé e, tàbí kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó gbẹ. Ẹ má sì fi ọwọ́ ọ̀dà jẹ búrẹ́dì. Májèlé wà nínú àwọn àwọ̀ kan.

Ẹni tó bá fẹ́ ohun tó ga ju ọ̀sà lọ, kó gba Ìyànà Ìpájà sí Abẹ́òkúta. Láti orí àpáta Olúmọ, òrùlé àtijọ́ ni ẹ óò rí lọ títí, páànù lórí páànù, gbogbo oríṣi pupa àti ràkọ̀ràkọ̀ tí irin lè bí, pẹ̀lú odò Ògùn lókèèrè. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ Ọnàbólú ti wúlò: òrùlé ìdí òkè tóbi, tòkèèrè kò ju èékánná lọ. Ẹ má gbìyànjú láti ka gbogbo rẹ̀ sínú pátákó íǹṣì 10. Ẹ mú òrùlé mẹ́rin, ẹ fi yòókù ṣe àwọ̀ lásán.

Àwọn èèyàn ńkọ́? Wọ́n á yí yín ká. Tí ẹ bá ń yàwòrán nínú ọjà, ẹ lọ kí ìyálọ́jà kí ẹ tó tú ẹrù. Tó bá jẹ́ abúlé, ilé baálẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí, kí ẹ kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ, kí ẹ ṣàlàyé ara yín. Àwọn ọmọ àdúgbò lè béèrè owó. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwòrán fúnra rẹ̀ ń tù wọ́n lójú tí wọ́n bá rí i pé ilé àwọn ni ẹ ń yà. Ẹ yẹra fún bárékè, àgọ́ ọlọ́pàá àti ibodè Sẹ̀mẹ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ kò mọ ohun tí ẹ ń yà fún, kò sì ní dúró gbọ́ àlàyé. Àwọn ọmọdé kì í ṣe ìṣòro, bí wọn kò bá ti fọwọ́ kan túùbù. Mo máa ń bi wọ́n pé àwọ̀ wo ni wọ́n rí lára òjìji ògiri yẹn. Ojú wọn máa ń yára ju ti àwa àgbà lọ, nítorí a ti gbà pé òjìji ò ju dúdú lọ.

Tí ẹ bá délé, ẹ má kọ ojú àwòrán sí ògiri, ẹ má sì tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Òróró linseed tó bá gbẹ nínú òkùnkùn a máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, tí oòrùn kò ti pa á tààrà, tí eruku kò sì pọ̀. Ẹ dúró tó oṣù mẹ́fà, kó lè tó ọdún kan bí ọ̀dà bá nípọn, kí ẹ tó fi fáníìṣì kùn ún. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a óò sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń kan férémù fún un.